Ayétòrò Kì í Ṣe Ahoro

Ìjà ni mo bá wá. Kì í ṣe ìjà kùmọ̀, ìjà ọ̀rọ̀ ni, n kò sì ní fi ewé bò ó kí n tó gbé e síwájú yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa lẹ ìwé ìkéde kan mọ́ pátákó, tí wọ́n fi pe gbogbo wa sí ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Àkọlé rẹ̀ ni: Ẹ Wá Wo Ahoro Ayétòrò. Ní abẹ́ àkọlé yìí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, bí àwọn Òyìnbó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ahoro àwọn ará Maya ní erékùṣù kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ní ahoro tiwa létí òkun, tí ènìyàn lè lọ wò ní òwúrọ̀ kí ó sì padà sílé ní alẹ́.

Mo san owó tèmi, mo sì bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀la pé n kò dé ibẹ̀ ni mo ṣe ń wí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ẹgbẹ́ wa kò rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú wa gan-an ni ó wà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Òde-Ayé ni mí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. N kì í ṣe ọmọ Ìlàjẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ilé baba mi ni mo ń gbèjà. Ṣùgbọ́n ní Òde-Ayé, ta ni kò jẹ ẹja Ìlàjẹ rí? Àwọn ìyá wa a máa gbé púpurú àti epo pupa lọ sí ọjà Igbókòdá, wọn a sì gbé ẹja yíyan bọ̀. Bí àwọn àgbà wa bá ń sọ̀rọ̀ Ayétòrò, wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ òkú. Wọn a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ìlara díẹ̀. Baba ìyá mi a máa wí pé nígbà tí àwọn ń fi àtùpà ríran ní Òde-Ayé, iná mànàmáná ti ń tàn yòò láàrin irà lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn apẹja.

Òtítọ́ ni baba náà wí. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tí à ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n yapa kúrò lára ìjọ Kérúbù àti Séráfù, kó ara wọn jọ sí ibi tí ẹlòmíràn kò bá wọn dù. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni. Òkun ń bẹ níwájú, irà ń bẹ lẹ́yìn. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n ní ohun gbogbo yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn: iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, oúnjẹ àjùmọ̀jẹ. Ohun tí apẹja bá pa àti ohun tí ahunṣọ bá hun, àpò kan náà ni owó rẹ̀ ń wọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó oṣù. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ran aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 yóò fi parí, wọ́n ti ní ẹ̀rọ iná mànàmáná tiwọn, kì í sì í ṣe ìjọba ni ó rà á fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọ̀pọ̀ ìlú wa tí ó ní ọba, tí ó ní ìjòyè, tí ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n ti ìlú Òyìnbó dé, kò rí iná bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èyí tí ó rí i pàápàá, ẹ̀yin náà mọ bí iná ọ̀hún ti rí.

N kò wí pé ọ̀run ni ibẹ̀. Òfin wọn le, ẹni tí kò bá lè gbé abẹ́ rẹ̀ níláti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń lọ sí òpin, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àpò kan náà sílẹ̀, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe òwò tirẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Stanley Barrett, tí ó lọ ṣe ìwádìí láàrin wọn, gbé ìwé ńlá kan jáde nípa wọn ní 1977. Ó fún ìlú náà ní orúkọ ìbòjú, ó pè é ní Olówó, ó sì fi ìdìde àti ìṣubú rẹ̀ ṣe àkọlé ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé kì í ṣe wákàtí mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ìṣubú! Láti 1977 ni a ti ń sọ fún aráyé pé ìlú yìí ti ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń kọrin. Ètò kan ni ó parí. Ìlú kò parí.

Ohun tí ó ń lépa láti parí ìlú náà ní ọjọ́ òní ni òkun. Ó lé ní ogún ọdún tí omi ti ń jẹ Ayétòrò láti iwájú bọ̀ sẹ́yìn. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ìwé, ó ti gbé ilé ìwòsàn, ó ti gbé àwọn ilé iṣẹ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ilé wọn lọ a tún kọ́ òmíràn sẹ́yìn, omi a sì tún lé wọn bá. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí ó ti kọ́ ilé mẹ́ta. Òpó ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ kò hàn mọ́ rárá, òpó ìkejì ń yọrí bí omi bá fà, inú ìkẹta ni ó ń gbé.

Ní ọjọ́ tí a lọ, a ti Igbókòdá wọ ọkọ̀, a sì gúnlẹ̀ nígbà tí oòrùn ti ga. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún wa, èyí kò sì pé mẹ́ta tán kí ẹni tí ó ń darí wa tó bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè. Gbogbo àsìkò yìí, ìdí ògiri wíwó ni ẹgbẹ́ wa wà. Ọ̀kan gun orí kọnkéré tí ó dojú dé, ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Òmíràn jókòó sórí òpó kan, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n ya fọ́tò òun náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé rẹ̀ jáde, ó ń ké jáde bí ó ti ń kọ ọ́: "Ìlú tí ó ti parẹ́!"

Kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí ó dúró ni màmá àgbàlagbà kan jókòó sí, tí ó ń to ẹja sórí ààrò. Màmá náà wò wá títí. Nígbà tí ó ṣe, ó bi mí léèrè pé, "Ọmọ mi, ta ni ó kú?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ máa bínú, kò sí ẹni tí ó kú. Ìlú ni wọ́n ń wò."

Ó ní, "Ìlú wo?"

Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni ó dáhùn pé, "Ìlú tí ó wà níbí tẹ́lẹ̀ ni, Ìyá."

Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn eérú ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, "Èmi tí mo jókòó yìí ńkọ́? Ibo ni ẹ rò pé mo ti ń yan ẹja?"

Àwọn bàbá wa ti wí i tipẹ́: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ó bá jẹ́ àìríran lásán ni, n kì bá tí bá a jà, nítorí pé a kì í na afọ́jú. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a ti pinnu ohun tí a ó rí kí a tó kúrò nílé. A ti kọ ahoro sára ìwé. Ẹni tí ó bá lọ wá ahoro, bí ó bá rí ènìyàn, yóò wò ó kọjá bí ẹni pé gíláàsì ni ẹni náà.

Àwọn olóyè wa ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ àwọn ará Maya wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bá wọn lọ títí dé ibẹ̀. Erékùṣù tí wọ́n ń wí ni Cozumel. Lótìítọ́, ọkọ̀ ńláńlá ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, àwọn èrò a sọ̀ kalẹ̀, wọn a lo wákàtí díẹ̀ ní San Gervasio láàrin òkúta tí ó jẹ́ ojúbọ òrìṣà Ixchel látijọ́, ibi tí àwọn obìnrin máa ń ti òkè òkun wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti padà sínú ọkọ̀, wọn a sì lọ máa ròyìn nílé wọn pé àwọn rí ahoro ìran kan tí ó dédé pòórá. Pòórá ni wọ́n wí! Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ni wọ́n jẹ́ Maya lónìí, ní Mẹ́síkò, ní Guatemala, ní Belize, tí wọ́n ń sọ èdè baba wọn. Bóyá ẹni tí ó wa àwọn àlejò náà dé ìdí òkúta, ọmọ Maya ni. Àwọn ará Sípéènì dé erékùṣù yẹn ní 1518. Àìsàn ṣọ̀pọ̀ná tẹ̀ lé wọn dé ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó sì di 1562, àlùfáà wọn kan, Diego de Landa, kó ìwé àwọn ará Maya jọ ní Maní, ó dáná sun ún. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ti rí. A jó ìwé wọn, a gba ilẹ̀ wọn, lẹ́yìn èyí ni a wá ń fi owó wọlé láti lọ ṣe kàyéfì pé, àwọn ènìyàn yìí dà? Ọ̀rọ̀ náà, ahoro, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ó ń wẹ ọwọ́ ẹni tí ó da ilé rú mọ́.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ń ṣe ní Ayétòrò, òun ni mo ṣe ń bínú. Bí a bá ti lè pe ibẹ̀ ní ahoro, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sí ẹjọ́ mọ́, kò sí ẹlẹ́jọ́. Ìwé ìròyìn ìrìn-àjò wa wí pé agbára òkun pọ̀, pé kò sí ohun tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn lè ṣe sí i. Tani wí bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ wo Èkó. Láàrin 1908 sí 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to òkúta sínú òkun láti la ẹnu ọ̀nà èbúté fún ọkọ̀ ńlá, èyí sì ni ó mú kí omi máa jẹ etíkun Victoria Island láti ìgbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń da yanrìn síbẹ̀, tí omi ń gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ di ohun tí olówó fẹ́ fi kọ́ ilé, wọ́n fi òkúta àti kọnkéré ṣe odi, wọ́n sì ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n pè ní Eko Atlantic sí orí ibi tí ó ti jẹ́ omi. Òkun kan náà ni o! Òkun tí ó wà ní Èkó ni ó wà ní Ayétòrò. Ṣé òkun Èkó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé Èkó ní owó ju ti gbogbo wa lọ, kí ó lọ wo Keta ní ilẹ̀ Gánà. Ìlú àwọn Ewe ni, láàrin òkun àti ọ̀sà. Omi jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àní, ilé olódi Prinzenstein tí àwọn ará Denmark kọ́ síbẹ̀ ní 1784, òkun wó apá kan rẹ̀. Àwọn ará Keta pariwo títí, ìjọba wọn sì wá owó. Ní nǹkan bí 2004, wọ́n parí iṣẹ́ ààbò etíkun níbẹ̀, wọ́n sì rí ilẹ̀ díẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ ọ̀sà fún àwọn tí ilé wọn ti lọ.

Ẹ fi ọdún yìí, 2004, sọ́kàn. Ní 2004 kan náà ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ààbò etíkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ kò dúró. Ní 2009, wọ́n tún gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Nígbà tí ó di 2024, tí ó pé ogún ọdún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, àwọn ará Ayétòrò ṣì ń fi ẹsẹ̀ wọn rìn lórí pákó jáde, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń ké sí ìjọba pé ilé àwọn ń lọ. Àjọ náà fúnra rẹ̀, nítorí ìlú tí epo rọ̀bì ti ń jáde ni a ṣe dá a sílẹ̀ ní 2000, àti pé bí kì í bá ṣe epo tí ó wà lábẹ́ omi Ìlàjẹ àti àwọn àdúgbò rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní sí láàrin àwọn mẹ́sàn-án tí ń jẹ nínú owó rẹ̀. Ẹni tí a torí rẹ̀ se àsè ni ebi ń pa.

Ní ibi yìí ni mo fẹ́ yí ojú sí ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin Ìkálẹ̀, nítorí pé mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń wí nínú ọkọ̀ pé, "Ti Ìlàjẹ nìyẹn." Ní 2004, ta ni ó jókòó sórí àga gómìnà ní Àkúrẹ́? Olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu ni, ọmọ Ìjù-Odò, ọmọ wa, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, tí ó ti fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ni ní yunifásítì kí ó tó di òṣèlú. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ni ó wà níbẹ̀. N kò fi ẹ̀sùn kan òkú. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ni ó gbé iṣẹ́ náà jáde. Láti òpin 2023 ẹ̀wẹ̀, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Ìlàjẹ pátápátá, ni gómìnà. Ohun tí mo ń wí ni pé, nínú Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ilé ọlá jìnnà sí àwọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí Ayétòrò bá sì lọ, ta ni yóò wà níwájú? Omi iyọ̀ ti ń gba inú odò tí àwọn awapo gbẹ́ wọ inú irà, ilẹ̀ etíkun Màhìn kò ní yanrìn púpọ̀ tí yóò dá a dúró, ẹrẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń ra ẹja ní Igbókòdá kí ó bi ẹlẹ́ja léèrè ohun tí omi iyọ̀ ti ṣe sí odò wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń mú owó wọ ìlú. Owó wo? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Igbókòdá ni a ti san owó ọkọ̀. Ìrẹsì wa, nínú kúlà ni a gbé e láti ilé, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá, ọ̀rá náà sì ni ohun tí a fi sílẹ̀ fún àwọn ará Ayétòrò, ó ń léfòó. Nínú gbogbo wa, ènìyàn mẹ́rin ni ó ra ẹja lọ́wọ́ màmá yẹn, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn yọ owó kúrò kí ó tó san. Wọ́n tún ní fọ́tò wa yóò mú kí ayé mọ̀. Mo ti rí àwọn fọ́tò náà, gbogbo wọn. Ojú wa ni ó kún inú wọn.

N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Ayétòrò mọ́. Ẹ lọ! Ṣùgbọ́n kí ẹ lọ bí ẹni tí ń lọ sí ìlú, kí ẹ kí ọba, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, kí ẹ sùn mọ́jú. Ẹgbẹ́ èdè ni wá. Àwọn àgbà wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo títì tí omi ti gbé, tí wọ́n mọ orúkọ igi tí a fi ń kan ọkọ̀, tí wọ́n mọ orin tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀ ní 1947, ní ẹnu tí kò jọ ti Ọ̀yọ́, tí kò sì sí nínú ìwé gírámà kankan tí a ń kà. Ọdún mélòó ni ẹ rò pé àwọn àgbà wọ̀nyí ṣì ní? Owó tí a fi ya fọ́tò tó láti ra ohun tí a ó fi gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa sì kọ lẹ́tà sí NDDC, kí a fi Yorùbá kọ ọ́, kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí a béèrè pé iṣẹ́ 2004 àti ti 2009, níbo ni wọ́n dé, kí a sì tẹ èsì wọn sínú ìwé yìí. Bí wọn kò bá fèsì, kí a fi ojú ewé náà sílẹ̀ ní òfìfo, kí a kọ ọjọ́ tí a kọ̀wé sí orí rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí àwọn olóyè wa kò mọ̀, nítorí pé wọn kò béèrè. Ọmọ Ayétòrò mẹ́ta wà nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn wà ní kíláàsì wa, ìjókòó rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ sí ti akọ̀wé. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lẹ ìwé ìkéde náà mọ́ pátákó, ó dúró níwájú rẹ̀, ó kà á tán, ó sì lọ sí kíláàsì. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, èmi yóò dábàá pé kí a fún un ní àga, kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lanu.